Òkè Tí Wọ́n Ti Ń Fura sí Ìràwọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá ka ohun tí mo kọ síbí tí ẹ sì sọ pé irọ́ ni, n kò ní bínú. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní èbúté Àpápá ni pé kí n má ṣe gba ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ gbọ́. Bí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀, tí ọ̀gá ọkọ̀ ní ìrẹsì báyìí báyìí ni òun kó wá, èmi ni n ó wọ ọkọ̀ kékeré, tí n ó fi yí ọkọ̀ ńlá náà po, tí n ó máa ka nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí i lára níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, kí n lè mọ bí ó ṣe rì sínú omi tó. Bí ẹrù bá pọ̀, ọkọ̀ á rì. Bí wọ́n bá kó ẹrù kúrò, á gbéra sókè. Láti ibẹ̀ ni n ó ti ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀, láìṣí àpò kan. Baba Ìfura ni àwọn kíláàkì àti ajẹ́ńtì ń pè mí ní Wharf Road, bẹ́ẹ̀ n kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà.

Pàǹsá kò fura, pàǹsá jáná. Àjà kò fura, àjà jìn. Orúkọ yẹn kò dùn mí rárá.

Lẹ́tà Kúburá

Àbúrò mi kan ṣoṣo ni Kúburá. Yàrá kan náà la ti dàgbà ní Ajégúnlẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá wa kí ó tó kú. Ìyá wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ta ẹja yíyan ní Marine Beach. Kúburá mọ̀wé ju gbogbo ilé wa lọ. Sikọ́láṣíìpù gbé e lọ sí ìlú òyìnbó, ìwé sì tún gbé e láti ibẹ̀ lọ sí orí òkè kan ní ilẹ̀ Ṣílè, ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ó tó ọdún mẹ́ta tí a kò ti rí i.

Ayé ìjọba ológun la wà nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ pé: "Màmá, iṣẹ́ mi ni pé kí n máa wá ayé mìíràn, èyí tó ń yí ìràwọ̀ po bí ayé tiwa ṣe ń yí oòrùn po. Mo ti rí ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà pé òótọ́ ni, wọn á fún mi níṣẹ́ tí kò ní bọ́. Bí wọn ò bá gbà á, iṣẹ́ mi parí ní Disẹ́ńbà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun. Aládùúgbò wa kan ti sọ fún un pé apá ibẹ̀ yẹn gan-an ni kokéènì ti ń wá, àti pé ọmọ tó bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ó ti ń fà á tàbí ó ti ń gbé e. Ẹ̀wọ̀n Kirikiri kò sì jìnnà sí wa. Màmá ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ síbẹ̀, kò sì fẹ́ wà lára wọn.

"Ràṣídì, lọ fojú ara rẹ wò ó," ó ní. "Bó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa, mú un bọ̀ wálé fún mi."

Ká sòótọ́, èmi náà rò pé irọ́ ni. Ohun tí a kò fojú rí, tí a kò fọwọ́ kàn, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni ló so mọ́ ọn: bí ọ̀gá ọkọ̀ kan bá sọ irú rẹ̀ fún mi, n ó ti máa wá ọkọ̀ kékeré mi.

Gàrí ní ẹnu ibodè

Bí mo ṣe rí físà gbà, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo bọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣílè, wọ́n rí àwọ̀ ìwé ìrìnnà mi, wọ́n sì yọ mí sápá kan. Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Ajá náà jókòó ti báàgì mi, ó ń wò mí lójú. Wọ́n tú ẹrù mi palẹ̀, wọ́n rí gàrí, ọ̀gá wọn sì fìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú òun. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì jẹ ẹ́ gbẹ níbẹ̀ láìsí omi àti ṣúgà. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n dá gàrí padà fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹja yíyan tí Màmá fi rán mi. Wọ́n ní ẹja ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ àwọn.

N kò bínú sí wọn. Bí èmi ni mo wà níbẹ̀ ní Àpápá, n ó ti tú ẹrù wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kúburá ń dúró lóde. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ènìyàn, àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò wá. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wú díẹ̀ lábẹ́. Dípò kí n dì mọ́ ọmọ ìyá mi tí n kò rí láti ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ ni mo ń yẹ̀ wò bóyá n ó rí àmì ohun tí aládùúgbò wa sọ. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì ń ṣe mí.

Bí a ṣe ń rìn kọjá láàárín ìlú, mo kíyè sí i pé bí àwọn ènìyàn bá ti rí mi, wọ́n á fi èékánná já ara wọn lápá. Ìyàwó á já ọkọ, ọ̀rẹ́ á já ọ̀rẹ́. Mo bi Kúburá pé èébú wo nìyẹn. Ó ní kì í ṣe èébú, wọ́n gbà pé oríire ni kéèyàn rí aláwọ̀ dúdú, ẹni tó bá sì já ẹnìkejì ló máa jẹ oríire náà. Mo ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni oríire, ta ló máa já èmi? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tíì yí padà láti Ajégúnlẹ̀.

Oúnjẹ àwọn asùnlọ́sàn-án

Òkè náà wà ní aginjù. Koríko kan kò sí níbẹ̀, igi kan kò sí, ẹyẹ kò sí. Òkúta pupa lásán ni, àti ilé funfun roboto mélòó kan lórí rẹ̀. Inú àwọn ilé roboto wọ̀nyẹn ni awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run wà.

Rósà, obìnrin tó ń dáná fún wọn, ló kọ́kọ́ jáde sí wa. Ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí mi láti fi kan tèmi. Mo fà sẹ́yìn títí mo fi kan ògiri. Kúburá ní bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé mo ní ìyàwó nílé.

Ó gbé búrẹ́dì wá. Píà tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ ni wọ́n fi pa á lójú, ẹ má rò pé ó burú. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ omi ọbẹ̀ kan wá, tí odidi kùkù àgbàdo kan, elégédé, ànàmọ́ òyìnbó àti ẹran jọ wà nínú rẹ̀, láìsí ata kankan. Mo bèèrè irú ẹran tó jẹ́. Mo tún bèèrè. Nígbà tí mo bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Rósà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó jẹ nínú abọ́ mi, ó gbé e mì, ó sì dá ṣíbí padà fún mi. Kò bínú, ṣùgbọ́n mo jẹ oúnjẹ náà tán láìgbórí sókè.

Ohun tó tún mú mi fura ni pé gbogbo ọmọ òkè náà ń sùn lọ́sàn-án. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ní ilé wa, ta ló ń sùn lọ́sàn-án bí kò ṣe ọlọ́dẹ àti olè?

Àwọn tó ń pa nǹkan

Kúburá mú mi lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo máa fojú sí ihò kan tí n ó sì rí ayé tó ń sọ. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Bébà ni ó tẹ́ síwájú mi, tó kún fún àmì tóótòòtó, tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ìràwọ̀ náà jọ oòrùn wa bí ìbejì. Bí ayé kan bá ń yí i po, ayé náà á máa fa ìràwọ̀ díẹ̀, ìràwọ̀ á sún mọ́ wa díẹ̀, á tún sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yí padà tíńtín bó ṣe ń sún. Láti ara ìsúnsíwá-sẹ́yìn yẹn ni wọ́n ti máa mọ bí ayé tí a kò rí náà ṣe wúwo tó.

"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ yín náà ni," ó ní. "Ẹ ò wọnú ọkọ̀, ẹ sì mọ ẹrù tó wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ní kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn kan kọ́kọ́ rí irú ayé bẹ́ẹ̀ lára ìràwọ̀ tó dà bí oòrùn, ṣùgbọ́n àwọn òmìrán ni gbogbo wọn, nítorí òmìrán ló ń fa ìràwọ̀ débi tí ẹ̀rọ fi lè mọ̀ ọ́n. Àwọn kéékèèké, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkúta bí ayé tiwa, fífà wọn kò ju kí ọmọ ìkókó di etí agbádá bàbá rẹ̀ mú lọ. Èyí tí òun rí kò kéré tó tiwa, ṣùgbọ́n ó kéré ju gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni ti rí lọ.

Ọ̀gá wọn, òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Íńgírìdì, ní òfin kan. Ẹni tó bá rí nǹkan, orí tábìlì oúnjẹ ni yóò gbé e sí fún gbogbo wọn lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo wọn á sì dìde sí i láti pa á. Bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an nìyẹn: pípa. Ṣé àwọsánmà kọ́? Ṣé ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mí? Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣi ìṣirò ṣe? Ohun tí wọ́n bá gbìyànjú láti pa lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò kú ni wọ́n tó lè kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ayé gbọ́. Ti Kúburá ti la mẹ́ta kọjá. Ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti ń wá irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kiri láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ ìyá mi kò gbé kokéènì, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò purọ́ náà lè ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ méje

Mo kàn bèèrè ni, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá àkókò nù. Mo ní ọjọ́ mélòó ni ayé náà fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po. Ó ní ọjọ́ méje, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀.

Mo bi ara mi léèrè: Ìràwọ̀ wo ló mọ ọjọ́ Jímọ̀? Ta ló sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ ti parí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí mo ṣe rí ní Àpápá. Ìgbà òjò ni, mo wọn ọkọ̀ ìrẹsì kan, ọkọ̀ náà rì ju ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ. Mo pariwo pé ọ̀gá ọkọ̀ gbé ẹrù pamọ́. Wọ́n tú ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò rí àpò kan tó lé. Omi ni. Òjò ti da omi tútù pọ̀ mọ́ omi òkun ní èbúté, omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá dín kò sì ní agbára láti gbé ọkọ̀ sókè bíi tòkun. Mo gbàgbé láti bu omi sínú korobá kí n wọn òun náà. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fura sí ọkọ̀, omi ni mo ń kọ́kọ́ fura sí.

Mo bi Kúburá bóyá ó ti wọn omi. Ó ní omi wo. Mo ní ohunkóhun tí ìràwọ̀ rẹ bá ń léfòó lé lórí, ẹ̀rọ yẹn, ilé yẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Inú bí i. Ó bèèrè bóyá Màmá rán mi wá kí n wá tú òun fó ni. Ó ní àwọn ìràwọ̀ yòókù tí àwọn ń wò kò ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ni. Mo bi í bóyá wọ́n ń wò wọ́n lóòrèkóòrè bíi tirẹ̀. Ó ní rárá, tòun nìkan ni àwọn ń wò ní gbogbo òru. Ó dìde, ó lọ sùn.

Mo tọrọ ìwé pélébé kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè náà: ọjọ́ tí ọkọ̀ omi ń gòkè, ọjọ́ tí ti oúnjẹ ń dé, ọjọ́ ìsinmi Rósà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹlíásì, jẹ́jẹ́ ènìyàn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yóò gbé àgbá kan lọ sí ilé awò, yóò sì da omi kan tó tutù ju yìnyín lọ, tó ń rú bí èéfín, sínú ẹ̀rọ, kí ojú ẹ̀rọ náà má baà gbóná. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé tó ń kọ ọjọ́ sí. Ó fún mi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà Kúburá.

Ìràwọ̀ náà máa ń sún sẹ́yìn jù lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn ọjọ́ kejì tí Ẹlíásì bá ti da omi rẹ̀. Láti ibẹ̀ á máa rọra padà bọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ mìíràn. A jẹ́ pé ẹ̀rọ ni omi tútù náà ń sún díẹ̀, kì í ṣe ìràwọ̀. Mo tún un kà. Mo gbàdúrà pé kí n ti ṣì í kà, mo sì tún un kà.

Ọjọ́ méjì ni n kò fi sọ nǹkan kan. Mo fura sí ara mi. Ṣé kì í ṣe ìlara ni? Àbúrò mi ti ré mi kọjá ní gbogbo ọ̀nà, ó wá ku èyí nìkan tí mo lè fi borí rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ á jáde nínú ìwé ìròyìn, Màmá á jó ní Marine Beach. Ta ló sì máa fi ọkọ̀ kékeré yí ìràwọ̀ po láti wá wò ó? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó kẹrin, mo gbé ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo nàka sí Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀.

Ó wò ó pẹ́. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe fún mi?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ẹlíásì yí ọjọ́ padà

Mo rò pé ó máa bú mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Íńgírìdì lójú ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ìmọ̀ràn náà: kí Ẹlíásì fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀, kó máa da omi rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí ayé náà bá wà lóòótọ́, kò kàn án. Bí ó bá jẹ́ Ẹlíásì ni, yóò tẹ̀lé Ẹlíásì.

Wọ́n sún ìjókòó kẹrin síwájú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la sì fi dúró. Kúburá ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò kọjá ìkíni. Rósà ń gbé oúnjẹ wá, a ń jẹ ẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi retí pé kí ìfura mi jẹ́ òótọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú gbogbo ìrun tí mo ń kí pé kí ó já sí irọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ayé náà kó kúrò ní Ọjọ́bọ̀. Ó tẹ̀lé Ẹlíásì lọ sí ọjọ́ Ajé.

Kúburá kò dúró kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó dìde nídìí tábìlì náà, ó gbé bébà tuntun kalẹ̀, ó sì pa á fúnra rẹ̀ lójú gbogbo wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ pé ẹ̀gbọ́n òun, tó ń wọn ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ló rí i. Ẹlíásì tẹ orí ba. Íńgírìdì dìde, ó da tíì sínú ife, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún Kúburá. Wọ́n ní kò ṣe irú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Disẹ́ńbà kò yí padà.

Ní alẹ́ yẹn, Kúburá sunkún nínú yàrá mi bí ìgbà tó ṣì kéré. Mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ fún un pé inú mi bàjẹ́.

Àárọ̀ tí mo fẹ́ kúrò

Ó ti ta sí àwọn òkè ìwòràwọ̀ mìíràn létí pé Kúburá rí nǹkan. Ó pọn dandan kó kọ̀wé sí gbogbo wọn pé ayé náà kò sí. Odidi ọjọ́ kan ló fi kọ ọ́, ó ń fa nǹkan ya, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ kúrò, ó mú lẹ́tà náà wá bá mi níbi tí mo ti ń di ẹrù. Ó dúró, kò jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó kó tó lọ," ó ní. "Ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn ara mi."

Mo gba lẹ́tà náà. Ó wúwo, ó tó ojú ìwé mẹ́rin. Àpò ìwé rẹ̀ wà lórí ibùsùn, mo mú un, mo ki lẹ́tà náà sínú rẹ̀, mo sì nà án sí i.

"Ẹ ò tíì kà á," ó ní.

Mo ní kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fi ránṣẹ́.